Ẹsẹ̀ Tuntun Lábẹ́ Ọkọ̀ Àtijọ́

Nínú gbogbo ohun tí bàbá lè fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́ ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò pé ó lè fa àròjinlẹ̀. Ilé ni àwọn ẹbí ń jà sí, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ní ìlú Accra, bí ó ti rí ní Èkó àti ní Ìbàdàn pẹ̀lú, àwọn ọkọ̀ kan ṣì wà tí ọjọ́ orí wọn ju ti àwọn tí ń tún wọn ṣe lọ: Morris Minor, Peugeot 404, àti àwọn Mercedes tí wọ́n ṣe ní àkókò tí Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957 tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá jogún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a jogún ìbéèrè kan mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ti jẹ tán. Ṣé kí ó wá irú rẹ̀ gan-an kiri ayé, kí ó sì dá a padà sí bí ó ti wà, tàbí kí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ìgbàlódé sí abẹ́ rẹ̀? Bí ó bá sì gbé e sí i, ṣé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń wà, tàbí ọkọ̀ mìíràn tí ó wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀?

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ iwájú ni àkójọpọ̀ irin tí ó so táyà iwájú méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀: sípíríǹgì tí ń gbé ìwúwo, ṣọ́ọ̀kù tí ń tu sípíríǹgì nínú kí ó má baà máa fò sókè sódò, àwọn apá irin tí ń darí bí táyà yóò ti gòkè àti bí yóò ti sọ̀, àti oríkèé tí ó jẹ́ kí táyà lè yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Orúkọ náà bá a mu. Bí orúnkún bá ń dun ènìyàn, ìrìn rẹ̀ yóò yí padà, ojú rẹ̀ yóò sì le koko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti bàjẹ́: yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa jẹ táyà ní ìjẹkújẹ, yóò sì máa gbọ̀n ní ọwọ́ awakọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Kí a mú Morris Minor ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé ìjọba ìgbà ọjọ́un mọ̀ jù ú lọ. Alec Issigonis ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han gbogbo ènìyàn ní Earls Court ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń ṣe é títí di ọdún 1971, nígbà tí iye rẹ̀ ti lé ní 1,600,000. Ní ìgbà tirẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kì í ṣe ohun àbùkù rárá. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ṣì ń lo ọ̀pá irin gbọọrọ kan tí ó so táyà méjèèjì pọ̀, táyà kọ̀ọ̀kan ti Morris Minor ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀. Dípò sípíríǹgì, ọ̀pá irin gígùn kan ni ó ń lọ́ tí ó sì ń tú, bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún omi rẹ̀. Ibi tí àbùkù wà ni oríkèé. Irin tí a gbẹ́ bí ojú nọ́ọ̀tì àti bóòtì ni oríkèé náà. Bí a kò bá fi gírísì bọ́ ọ ní àsìkò, ojú ìgbẹ́ náà yóò yó díẹ̀díẹ̀, títí tí irin méjèèjì yóò fi yọ kúrò nínú ara wọn ní ọjọ́ kan, tí táyà yóò sì ká sí abẹ́ ọkọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń rọra wọ àgbàlá, ẹ̀rín ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Accra sí Kumasi, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ ní òdìkejì, ọ̀rọ̀ di ti òkú.

Ọkọ̀ ìgbàlódé kò ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ irin róbótó nínú ihò róbótó, bí orí egungun itan ti wà nínú ìbàdí, wọ́n sì ti dí gírísì mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Bíréèkì dísìkì tí ó máa ń bá a wá kì í tètè gbóná pàdánù agbára bí ti dúrọ́ọ̀mù, ẹni tí ó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Aburi wá sí Accra pẹ̀lú ẹrù mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohun èlò náà kò sì jìnnà. Ní ọjà Abossey Okai ní Accra, odindi ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ tòkunbọ̀ wà nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ màlúù lórí àtẹ alápatà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Suame Magazine ní Kumasi àti ní Ládípọ̀ ní Èkó. Ní Bìrìtéènì àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ń ṣe ẹsẹ̀ iwájú tuntun tí a lè dè mọ́ abẹ́ Morris Minor. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ iwájú Ford Mustang II, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ìgbà tí ọdún 1974 ń wọlé dé ọdún 1978, ti wọ abẹ́ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi di orúkọ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ tí kò fẹ́ rí Mustang II fúnra rẹ̀ sójú ni ó ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri.

Síbẹ̀, àwọn ènìyàn pàtàkì wà tí wọ́n ka irú àyípadà bẹ́ẹ̀ sí èèwọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní FIVA, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, ní ìlànà kan tí a mọ̀ sí ìwé Turin, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2012. Ohun tí ìwé náà ń sọ ní ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ń jẹ́rìí sí bí àwọn ènìyàn ìgbà kan ti ń ronú, ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe, àti ohun tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní ènìyàn ìgbàlódé. Ẹni tí ó bá yí ẹlẹ́rìí lọ́rọ̀ padà ti ba ẹjọ́ jẹ́. Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí a fi ohun tuntun kún un, kí ó jẹ́ èyí tí ojú lè dá mọ̀, kí ó sì jẹ́ èyí tí a lè yọ kúrò láìba ti àtijọ́ jẹ́.

Èyí yé ni kedere ní ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah ní Accra, níbi tí ọkọ̀ Cadillac kan tí ó lò nígbà tí ó wà lórí àléfà wà fún àwọn àlejò láti wò. Kò sí ẹni tí ọkọ̀ náà fẹ́ gbé lọ sí ibi kankan mọ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún un ni kí ó jẹ́ ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹsẹ̀ Toyota sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa rọra yí, ìwà òmùgọ̀ ni onítọ̀hún hù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ni ó wà nínú ọgbà ìrántí? Ìyókù ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Àwọn amòye ìgbà láéláé ti mú irú ìbéèrè yìí wò. Plutarch kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi tí akọni wọn Theseus fi rìn. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a sì fi tuntun rọ́pò, títí tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ọkọ̀ Theseus. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ata sí ọbẹ̀ náà: bí ẹnìkan bá ń ṣa àwọn pákó àtijọ́ tí wọ́n yọ sọnù, tí ó sì kàn wọ́n pọ̀ bí wọ́n ti wà, èwo nínú ọkọ̀ méjèèjì ni ti Theseus?

Ìbéèrè tí ó dára ni fún kíláàsì, olùkọ́ tí ó bá sì gbé e síwájú àwọn ọmọ ìwé gíga yóò rí ariwo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá rò pé ọkọ̀ Theseus ti tán ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti fo ibi tí ó ṣòro kọjá. Pákó ni àwọn ará Athens fi rọ́pò pákó. Ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ ìgbàlódé sí abẹ́ Morris Minor kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú ohun tí Issigonis kò rò rí, ó fi í sí ipò ohun tí Issigonis fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe. Bí ẹni pé àwọn ará Athens yọ àjẹ̀ kúrò, wọ́n sì de ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Àpẹẹrẹ ilé ìwé ni ó sún mọ́ ọn jù. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ Achimota ní Accra ní ọdún 1927 pẹ̀lú orúkọ ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀. Aggrey tí ó wà nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ kú ní ọdún yẹn gan-an. Ìwé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ nígbà náà, orúkọ ọmọ ọba náà sì ti kúrò. Kì í ṣe pé wọ́n fi Aggrey mìíràn rọ́pò Aggrey. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé Achimota kọ́ ni.

Àwọn Yorùbá ti sọ tiwọn sórí ọ̀rọ̀ yìí kí mọ́tò tó dé. Wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹ̀yà ọ̀rọ̀ náà tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí ni pé ilé ọba ni wọ́n ṣì ń pe èyí tí wọ́n tún kọ́. Ewéko ni wọ́n fi bo ti àkọ́kọ́, páànù ni wọ́n fi bo ti ẹ̀ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ààfin náà ni. Kí ni ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe amọ̀, kì í ṣe igi àjà. Ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ ni, àti àwọn tí ó gbà pé ibẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Bákan náà ni aṣọ egúngún ìdílé: lọ́dọọdún ni a lè fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, àwọn tí ó kọ́kọ́ rán an sì lè má dá a mọ̀ mọ́ bí wọ́n bá jí dìde, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, orúkọ rẹ̀ náà ni wọn yóò pè, oríkì kan náà ni wọn yóò sì kì í. John Locke, nígbà tí òun ń kọ̀wé ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ya igi àti ẹranko sọ́tọ̀ kúrò lára aago: igi ní ẹ̀mí tí ó so ara rẹ̀ pọ̀, aago kò ní ju ète tí a fi ṣe é lọ. Ìyàtọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n kò kan ààfin, kò sì kan egúngún, nítorí pé àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀mí bí igi, síbẹ̀ wọ́n ju aago lọ. Ọkọ̀ bàbá ẹni wà láàrin wọn.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi ìṣirò yanjú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnìkan bá tún ọkọ̀ àtijọ́ kọ́, tí ó sì fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ ti àtijọ́ wà lára rẹ̀, wọn a máa fún àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní máàkì bí olùkọ́ ti ń máàkì ìwé ìdánwò: egungun ọkọ̀ gba 5, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn gba 2, ọ̀pá táyà gba 2, gíà gba 2, sítíárìn gba 2, ẹ́ńjìnì gba 1 péré. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14; ẹni tí kò bá ní 8, tàbí tí ó fi ayùn kan egungun ọkọ̀, ti pàdánù. Ó yẹ kí a ronú díẹ̀ lórí èyí. Ẹ́ńjìnì tí gbogbo ayé rò pé ó jẹ́ ọkàn ọkọ̀ ni ó gba máàkì tí ó kéré jù! Ẹsẹ̀ sì ju ọkàn lọ. Ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ tuntun wọ̀ ọ́ láìgé egungun rẹ̀ ṣì lè yege dáradára. Ṣùgbọ́n òǹkà ni èyí, kì í ṣe òtítọ́. Ní ọdún 2025 ìjọba náà fúnra rẹ̀ yí ìlànà náà padà, wọ́n sì dẹ ọwọ́ fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ọkọ̀ tí kì í ṣe ara rẹ̀ lánàá di ara rẹ̀ lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan sípánà.

Ìlú Accra mọ̀ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní James Town àtijọ́, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Ngleshie Alata. Alata ni àwọn Ga ń pe Yorùbá àti àwọn ará ìlà-oòrùn wọn. Ìtàn sì sọ pé àwọn tí wọ́n kó wá láti ìhà Alada láti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi James ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni baba ńlá wọn. Èdè wọn ti yí padà, oúnjẹ wọn ti yí padà, Ga ni wọ́n tọkàntọkàn, wọ́n sì ní oyè àti ìjókòó láàrin àwọn Ga. Orúkọ nìkan ni ó ń sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tí wọ́n ti ń ná ọjà Makola láti kékeré, rí i pé ìwé kò dá wọn mọ̀. Kí ènìyàn má ṣe tètè gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jẹ́ ojúlówó lé tábìlì akọ̀wé lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè bóyá ọkọ̀ náà ni nìkan ni ó wà nílẹ̀, a bá lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dá wà lójú títì. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn awakọ̀ kò bá a jogún, kò sì bá a dá májẹ̀mú kankan pẹ̀lú Issigonis. Ọmọ tí ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kò mọ̀ pé oríkèé ọ̀tún ọkọ̀ tí ń bọ̀ ti ń yó láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò ní pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ òun nítorí ọ̀wọ̀ fún ìtàn gbọ́dọ̀ dáhùn pé ta ni yóò san gbèsè ọ̀wọ̀ náà bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ń fi gírísì bọ́ oríkèé náà ní àsìkò, tí ó ń gbé e sókè yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì ń rọra wà á ní ọjọ́ ìsinmi, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ àtijọ́ tí a tọ́jú sàn ju ẹsẹ̀ tuntun tí a dè láìmọ̀ọ́ṣe. Ọ̀wọ̀ tí kò ní gírísì nínú ni ó léwu.

Òfin pàápàá ti pa á láṣẹ rí pé kí iwájú ọkọ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974, Gánà kúrò ní ọwọ́ òsì ojú títì, ó bọ́ sí ọ̀tún kí ó lè bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ dọ́gba, bí Nàìjíríà ti ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, awakọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún bá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ koríko, kò sì lè rí ohun tí ń bọ̀ bí ó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Gbígbé sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì di iṣẹ́ ọwọ́, kò sì tíì parí títí di òní, nítorí pé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Japan àti Bìrìtéènì ṣì ń wọlé bí òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Kò sí onímọ̀ kan tí ó jáde láti béèrè bóyá ọkọ̀ tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ti yí ẹ̀gbẹ́ ṣì jẹ́ ara rẹ̀.

Ìtàn mọ́tò ní Gánà sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn Bedford tí ó kún ojú ọ̀nà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, egungun àti ẹ́ńjìnì nìkan ni ó ti òkè òkun wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kan pákó ara wọn, tí àwọn akunlé sì kọ orúkọ sí iwájú wọn. Bí pákó bá jẹrà, wọn a kan òmíràn, wọn a sì tún orúkọ náà kọ. Àwọn Mercedes 207 tí ó di tro-tro lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ẹrù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Yúróòpù. Accra ni wọ́n ti gé fèrèsé sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì jó ìjókòó mọ́ wọn nínú. Nínú ìwé Car Cultures tí Daniel Miller ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2001, Jojada Verrips àti Birgit Meyer tẹ̀lé Peugeot 504 awakọ̀ tákísí ọ̀nà jíjìn kan ní Gánà, wọ́n sì fi hàn bí ọkọ̀ náà ti ní láti máa yí padà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì kí ó tó lè máa rìn. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ojúlówó, bí àwọn olówó ti ń sọ ọ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní láti pa owó oúnjẹ alẹ́ wálé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo àyípadà ni ó dára, ó yẹ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní abẹ́ ọkọ̀. Morris Minor gbé ìwúwo iwájú rẹ̀ lé ọ̀pá tí ń lọ́, ọ̀pá náà sì gbé e lọ sí irin agbélébùú tí ó wà ní abẹ́ ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ìgbàlódé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: òkè ni wọ́n ń ti ìwúwo sí, sí páànù tí ó bo táyà, èyí tí Issigonis kò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun Accra sì ti lè jẹ páànù náà dé ìdajì. Bí ajórin bá jó ẹsẹ̀ mọ́ irin tí ìpẹtà ti jẹ, ẹwà ni ojú yóò rí, òfo ni yóò wà nínú. Ohun kejì ni pé ọ̀pá sítíárìn àti apá ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè kí wọ́n sì máa sọ̀ ní ìdọ́gba. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, táyà yóò dá yí ara rẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ yí i. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí a fi ojú wọ̀n ní abẹ́ igi fi burú ju oríkèé tí ó ti yó lọ, nítorí pé ọkàn awakọ̀ ti balẹ̀, eré rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i.

Ẹ̀tàn náà wà. Ọkọ̀ tí a ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a sì tà fún àlejò gẹ́gẹ́ bí èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí, irọ́ ni a fi irin pa. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ bí kò ṣe ẹnu. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ẹsẹ̀, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ọkọ̀, tí ó sì tọ́jú ẹsẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú epo lára rẹ̀ sínú àpótí, ti ṣe ohun tí ìwé Turin ń fẹ́ ju ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ kí ìpẹtà jẹ ẹ́ tán. Ó sì yẹ kí àwọn tí ń bọ Issigonis bí òrìṣà rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Morris Minor kù díẹ̀ kó jáde, ó rí i pé ọkọ̀ náà ti tín-ín-rín jù. Ó ní kí wọ́n là á sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì ń fa ìdajì méjèèjì kúrò lára ara wọn títí tí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ní íǹṣì 4. Báńpà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún un ni wọ́n gé ní àárín, tí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ dí àlàfo náà. Ayùn ti kan ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó rà á.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun kan ń sọnù, irọ́ sì ni kí a sọ pé kò sọnù. Sítíárìn ọkọ̀ àtijọ́ ní ìwúwo tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìró kan tí ó máa ń ké bí ó bá ń yà, ó sì ní ọ̀nà tí ó máa ń gbà tẹ orí ba bí a bá tẹ bíréèkì. Ọwọ́ bàbá ti mọ̀ ọ́n, ọmọ tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ tuntun bá wọlé, ọkọ̀ náà yóò dákẹ́, yóò sì máa rìn tààrà bí ti gbogbo ènìyàn. Àwòrán bàbá ṣì wà lára rẹ̀. Ìrìn bàbá ni ó lọ. Ẹni tí ó bá ti rí arúgbó tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún, tí kò tiro mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fi ìró ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ láti inú yàrá, yóò mọ irú àdánù tí èyí jẹ́. Síbẹ̀ kò sí ọmọ rere tí yóò tìtorí ìró ẹsẹ̀ sọ pé kí bàbá òun máa tiro lọ.

Ta ni ó wá ní àṣẹ láti pinnu? Bí ẹnìkan bá kú láìṣe ìwé ìhágún ní Gánà, òfin ogún tí ìjọba ṣe ní ọdún 1985, èyí tí wọ́n ń pè ní PNDC Law 111, ka ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́ ẹrù inú ilé, àyàfi èyí tí ó jẹ́ ti òwò nìkan, ẹrù inú ilé sì di ti opó àti àwọn ọmọ. Láàrin àwọn Akan tẹ́lẹ̀, ẹbí ìyá ni ìbá gbé e lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, dáwódù lè mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ni ogún. Ẹni tí ó ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lè jẹ́ ọmọ tí ń fi í gbé àwọn ọmọ tirẹ̀ kọjá ní Aburi lójoojúmọ́; ẹni tí ó ń sọ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ lè jẹ́ opó tí ó ń fi ìró rẹ̀ mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti dé orí kọ́nà. Ìpín àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ náà kò ju ara wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe láti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ọmọ kí a sì fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ fún ìyá. Kí mẹkáníìkì tó tú nọ́ọ̀tì kan, ó yẹ kí wọ́n ti jókòó sọ ọ́ láàrin ara wọn, kí ọmọ náà gbé táyà sókè, kí ó sì mì oríkèé náà lójú ìyá rẹ̀ kí òun náà rí bí ó ti yó tó.